Etíkun wo ló yẹ ẹni tó ń kọ́ windsurfing, wo ló yẹ oníkáìtì? (Fún àwọn tó ń ti London lọ)

Ará Peckham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa mẹ́ta la fẹ́ máa ti London lọ sí etíkun ní Sátidé. Ọ̀kan kò tíì gun pákó rí, windsurfing (pákó tó ní ìgbòkun lórí) ló fẹ́ kọ́. Èkejì ti gba ẹ̀kọ́ káìtì (kitesurfing, níbi tí káìtì ńlá ti ń fi okùn fa ẹni tó wà lórí pákó) fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó lè dìde lórí pákó kó sì sáré lọ, àmọ́ kò tíì lè gun ojú afẹ́fẹ́ padà síbi tó ti gbéra, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn padà. Ẹ̀kẹta ti mọ̀ ọ́n débi pé ó ń fò. Ẹnìkan ní Camber Sands ni ká lọ, ẹlòmíì ní Poole, ẹlòmíì ní Hayling Island, gúúsù England ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Mọ́tò kan ṣoṣo la ní. Èwo ni ká mú?

Ọmọ Ìlàjẹ

Ẹ má tíì mú orúkọ kankan. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ wá wo ibi tí etíkun kọjú sí. Etíkun tó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀ lè di ibi tí ọ̀gá gan-an kò ní gbé káìtì sókè lọ́sàn-án, torí pé afẹ́fẹ́ ti yí, tàbí torí pé omi ti fà.

Ẹ dúró létí omi, ẹ kọjú sí òkun. Tí afẹ́fẹ́ bá ń lù yín níwájú gan-an, kò lè gbé yín lọ, ṣùgbọ́n yóò máa tì yín padà sórí iyanrìn ni. Ẹni tó wà lórí windsurf á kàn máa ṣubú sínú ìgbì etí omi. Ti oníkáìtì ló burú, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ògiri, mọ́tò àti àwọn ọmọ tó ń jẹ ice cream. Tó bá ń lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín kan, ó ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun: àtijáde rọrùn, àtipadà rọrùn. Èyí tó wà láàárín méjèèjì, tó ń lu iwájú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀, ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá, torí bí nǹkan bá já lójú omi, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa sún un padà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìpàkọ́ ló ń lù, ẹ fi ẹrù yín sílẹ̀ nínú mọ́tò.

Afẹ́fẹ́ ìpàkọ́ yẹn ló ń tan èèyàn jù. Etí omi á tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, á dà bíi pé afẹ́fẹ́ ò sí, torí ilé àti igi ló ń dí i. Ẹ jìnnà sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó rí agbára rẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹ ó mọ̀ pé ọ̀nà France lẹ wà. Tí ẹ bá rí àpò aláwọ̀ ọsàn gígùn tí àwọn òṣìṣẹ́ RNLI (ẹgbẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là lójú òkun) gbé kọ́ sórí òpó, ohun tó ń sọ nìyẹn.

Gúúsù ni etíkun Sussex, ti Hampshire àti Camber kọjú sí, afẹ́fẹ́ tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ sì ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá. Ìdí nìyẹn tí Hayling, Lancing àti Camber fi máa ń kún fún káìtì. Tí afẹ́fẹ́ bá ti àríwá wá, gbogbo wọn ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ti àríwá Kent, bíi Tankerton àti Minnis Bay, torí pé àríwá ni àwọn kọjú sí.

Aláwọ̀n

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ n fi ti omi kún un. Ẹni tó bá mọ òkun Èkó dáadáa kì í sábà ka kíkún àti fífà omi sí, torí níbẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì kò ju nǹkan bíi mítà 1 lọ. Ní Rye Bay tí Camber wà, ó lè lé ní mítà 6 nígbà òṣùpá tuntun àti nígbà tí òṣùpá bá yọ tán. Nínú èbúté Poole, kò tó mítà 2. Èyí nìkan tó láti pinnu ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ.

Omi máa ń gba wákàtí 6 àti díẹ̀ kó tó kún, ó sì tún ń gba bẹ́ẹ̀ kó tó fà tán. Kì í rìn dọ́gba. Ẹ pín gbogbo omi tó fẹ́ wọlé sí ọ̀nà 12: ìdá 1 ló ń wọlé ní wákàtí kìíní, 2 ní ìkejì, 3 ní ìkẹta, 3 ní ìkẹrin, 2 ní ìkarùn-ún, 1 ní ìkẹfà. Ó já sí pé ìdajì gbogbo omi ló ń sáré kọjá ní wákàtí méjì àárín. Ẹni tí kò tíì lè padà síbi tó ti gbéra kò gbọdọ̀ wà nítòsí ẹnu èbúté kankan ní àkókò yẹn. Ní Hayling, ẹnu èbúté Langstone wà ní ìwọ̀-oòrùn, ti Chichester wà ní ìlà-oòrùn, omi tó ń tú jáde nínú àwọn méjèèjì lágbára débi pé òmùwẹ̀ kò lè bá a jà. Àárín erékùṣù ni kí ẹ dúró sí.

Ẹ tún wo ọ̀nà tí omi àti afẹ́fẹ́ jọ ń gbà. Tí omi bá ń fà jáde tí afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn ń wọlé, wọ́n ń kọlu ara wọn nìyẹn: ìgbì á di kúkúrú, á ga, á máa lé ara wọn. Káìtì á fà ju bí àsọtẹ́lẹ̀ ti wí lọ, torí omi ń gbé yín lọ pàdé afẹ́fẹ́. Tí méjèèjì bá jọ ń lọ sí ọ̀nà kan, omi á tẹ́ ṣùgbọ́n agbára á dín kù, ibi tí ẹ bá sì bá ara yín á jìnnà sí mọ́tò.

Ti Southend ńkọ́? Ó sún mọ́ London, òótọ́ ni. Ẹ wo afárá ìgbafẹ́ tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, ó ju kìlómítà 2 lọ gígùn, torí pé bí omi bá fà, bẹ́ẹ̀ ni kó tó dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi lè dúró. Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Wákàtí méjì ṣáájú kíkún àti wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ fi sọ́kàn, kí ẹ sì ti jáde kí ìyókù tó fà.

Olùkọ́ Ìgbòkun

Ti ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ windsurfing ni n ó sọ. Ohun mẹ́rin ló ń wá: omi tó mọ ní ìbàdí, tí kò ní ìgbì, tí kò ń ṣàn, àti afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 6 sí 12. (Nọ́ọ̀tì 1 jẹ́ kìlómítà 1.85 ní wákàtí kan.) Pákó lítà 180 sí 220 tó ní abẹ̀bẹ̀ gígùn láàárín ìsàlẹ̀ (abẹ̀bẹ̀ ni ohun pẹlẹbẹ tó yọ sínú omi lábẹ́ pákó kó má bàa gbá lọ sí ẹ̀gbẹ́), ìgbòkun mítà onígun mẹ́rin 3.5 sí 5. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta pákó lítà 120 fún un pé "wàá dàgbà sínú rẹ̀." Lítà yẹn ń fẹ́ ẹni tó ti lè dúró. Ẹni tó wọn kílò 90 tó bá gun un nígbà tí afẹ́fẹ́ kéré yóò kàn máa wẹ̀ ni.

Hove Lagoon ló kéré jù nínú àwọn tí mo mọ̀, adágún tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ lẹ́bàá òkun ni, kò jìn, kò sí bí èèyàn ṣe lè sọnù níbẹ̀. Ó dára fún ọjọ́ kìíní àti ìkejì, lẹ́yìn náà á há. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í dúró sójú kan torí àwọn ilé tó yí i ká. Ohunkóhun tó bá ga ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ títí dé nǹkan bí ìlọ́po 7 sí 10 gíga rẹ̀, nítorí náà ilé mítà 15 lè yí afẹ́fẹ́ po dé mítà 150. Ẹ ṣírò rẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá dé, ó wúlò fún oníkáìtì ju fún wa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Whitley Lake, apá kan nínú èbúté Poole lẹ́bàá ọ̀nà Shore Road ní Sandbanks. Ó fẹ̀, omi rẹ̀ mọ ní ìbàdí dé ibi tó jìnnà, afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn sì ń ti ènìyàn padà sílẹ̀. Omi Poole tún ní ìwà kan: ó ń kún lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra kó tó fà gan-an, nítorí náà ó ń pẹ́ lókè. Àléébù rẹ̀ ni pé bó bá fà tán, abẹ̀bẹ̀ sẹ́ńtímítà 45 á gún ẹrẹ̀, pákó á dúró gbọin, ìwọ á sì máa lọ. Abẹ̀bẹ̀ kúkúrú, sẹ́ńtímítà 25 sí 30, ni kó lò níbẹ̀.

Ti Portland Harbour ní Weymouth jìnnà sí London, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kúrò ní akẹ́kọ̀ọ́ á gbádùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe eré ọkọ̀ ìgbòkun Òlíńpíìkì 2012. Òkúta wẹ́wẹ́ Chesil Beach dá ìgbì òkun dúró láìdá afẹ́fẹ́ dúró, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wá eré sísá fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn ń gbé yín kúrò létí níbẹ̀, àmọ́ ògiri èbúté wà lódìkejì.

Hayling tí wọ́n dárúkọ, ilé ìtàn ni fún windsurfing. Ní 1958, Peter Chilvers, ọmọ ọdún 12, ti fi ìgbòkun sórí pákó níbẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1980, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní England lo ọ̀rọ̀ yẹn láti fagi lé ẹ̀tọ́ tí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ní òun ní lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í dín ìgbì kù o: òkúta wẹ́wẹ́ ni etí ibẹ̀, nígbà tí omi bá kún, ìgbì ń wó lu etí òkúta náà, ó ń fọ́ òpó ìgbòkun. Kì í ṣe ibi ọjọ́ kìíní.

Ìyá Káìtì

Ẹ ṣeun, sà. Ti káìtì yàtọ̀. Oníwindsurf lè gba àlàfo tó tó ilẹ̀kùn jáde sí omi. Okùn káìtì gùn ní mítà 20 sí 24, káìtì fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ fi ìlọ́po méjì rẹ̀ sílẹ̀ ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, ìyẹn nǹkan bíi mítà 50 sí 60 tí kò sí òpó, ògiri, mọ́tò tàbí èèyàn nínú rẹ̀. Etíkun tí kò bá ní èyí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́, bó ti wù kí omi rẹ̀ dára tó.

Àbúrò kejì yẹn, ẹni tó ń rìn padà: afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 14 sí 18 ni kó wá, tí ìgbì-afẹ́fẹ́ rẹ̀ (bó ṣe ń le sí i lójijì) kò ju nọ́ọ̀tì 5 lọ lórí rẹ̀. Tí àsọtẹ́lẹ̀ bá kà á sí 15 tó ń fò dé 26, kó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti orí iyanrìn. Bó bá wọn kílò 75, káìtì 12 (ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 12) ló bá nọ́ọ̀tì 14 sí 18 mu, 9 ló bá 18 sí 25 mu. Tó bá wọn kílò 95, kó fi nǹkan bíi mítà 2 kún un. Etíkun rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn, torí ó mọ̀ pé òun á sún lọ. Kó ka iye ògiri pákó tí wọ́n rì sínú òkun láti dá iyanrìn dúró. Ní Lancing àti Goring wọ́n wà níbẹ̀, omi tó kún ń bo orí wọn, okùn káìtì sì ń kọ́ lára wọn.

Nítorí èyí ni mo fi ń sọ pé Camber ni kó lọ. Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀, ó fẹ̀, kò sí ògiri pákó nínú apá tó pọ̀ jù. Ìhà Broomhill ni àwọn oníkáìtì ti ń gbéra, kì í ṣe iwájú páàkì àárín níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré.

Aláwọ̀n

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, n kò gbà pátápátá. Camber dára ní wákàtí tó bá yẹ. Omi ibẹ̀ ń fà jìnnà gan-an, iyanrìn náà kò tẹ́ dọ́gba: òkè kékeré wà, kòtò wà láàárín wọn. Nígbà tí omi bá ń padà, kòtò tó wà lẹ́yìn yín ló ń kọ́kọ́ kún. Ẹni tó dúró lórí iyanrìn gbígbẹ á wò ẹ̀yìn, á rí i pé omi ti yí òun ká. Ní oṣù kẹjọ 2016, ọkùnrin márùn-ún láti London ló kú sómi ní Camber ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí káìtì rẹ̀ wó lulẹ̀ ní ibi tó jìnnà lákòókò yẹn ní iṣẹ́ ńlá.

Ìyá Káìtì

Òótọ́ lẹ sọ, n ó sì tún un ṣe: Camber, kó bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí omi bá ti kún, nígbà tó ń fà, kó sì jáde kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Lákòókò yẹn, ìṣàn ń gba ẹ̀gbẹ́ etíkun, nítorí náà kó máa fojú sí ohun kan lórí ilẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbà pé Poole ní tirẹ̀: etí Shore Road há, ọ̀nà mọ́tò ló wà lẹ́yìn. Inú omi ni wọ́n ti ń gbé káìtì sókè níbẹ̀, kì í ṣe lórí ilẹ̀, ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ bá a mú un. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi wà níwájú, ibi tí wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún káìtì ní ààlà. Kó ka òfin àwọn aláṣẹ èbúté kó tó tú okùn rẹ̀.

Níbi méjèèjì, kó ní ìbánigbófò tó ń san owó fún ẹni tó bá ṣe léṣe. Èyí tó ń bá ìforúkọsílẹ̀ British Kitesports wá tó. Kó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìgbàlà nínú omi: fa ìtúsílẹ̀ pàjáwìrì, ká okùn iwájú kan ṣoṣo mọ́ ọ̀pá tó fi ń darí káìtì títí káìtì á fi kú, lẹ́yìn náà kó ká ìyókù, kó di káìtì mú bí ìgbòkun kó sì jẹ́ kó fà á wọlé. Ẹni tó bá ká okùn méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ń wá ọ̀nà tí káìtì fi máa tún gbéra.

Ará Shoreham

Fún ẹ̀kẹta tó ń fò, kúkúrú. Nọ́ọ̀tì 20 sí 30, káìtì 9 tàbí 7. Hayling nígbà tí omi bá fà: iyanrìn Winner ní ìwọ̀-oòrùn yọ, ó dá ìgbì dúró, omi ẹ̀yìn rẹ̀ di dígí. Shoreham àti Lancing nígbà tí omi bá fà díẹ̀, kí iyanrìn yọ lábẹ́ òkúta. Nígbà tó bá kún, ìgbì etí omi ń gbá èèyàn mọ́ òkúta. Pápá ọkọ̀ òfurufú wà ní Shoreham. Ní Britain, káìtì kò gbọdọ̀ ga ju mítà 60 lọ, nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú ó di 30, nítorí náà ẹ má lo okùn gígùn níbẹ̀. Fún ìgbì gidi, Gwithian ní Cornwall tàbí Tiree ní Scotland, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Sátidé kan.

Kó má fò níbi tí omi kò bá dé àyà. Etíkun tí gbogbo èèyàn ń yìn pé omi rẹ̀ mọ ní orúnkún ló ń ṣẹ́ kókósẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin èèyàn, èmi wà nílé. Ṣé a lè ṣe èyí ní Èkó?

Ọmọ Ìlàjẹ

Etíkun Èkó kọjú sí gúúsù, afẹ́fẹ́ ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ìyẹn dára lórí ìwé. Ohun tó bà á jẹ́ ni ìgbì Àtìláńtíìkì tó ń wó lulẹ̀ létí iyanrìn gẹ́lẹ́, àti ìṣàn tó ń gbé nǹkan lọ sí ìlà-oòrùn láìdúró. Tarkwa Bay rọlẹ̀ torí ògiri òkúta ẹnu èbúté, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọkọ̀ ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójú ọ̀sà, ẹ ó bá àwọ̀n, igi tí apẹja rì mọ́lẹ̀, ọkọ̀ oníyanrìn, àti ewéko tó ń léfòó tó ń di abẹ̀bẹ̀ pa. Oníwindsurf tó mọ̀ ọ́n lè fi abẹ̀bẹ̀ tó tẹ̀ sẹ́yìn gba àárín wọn kọjá. N kò ní rán akẹ́kọ̀ọ́ káìtì síbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ fi owó ọkọ̀ òfurufú lọ síbi tó gbóná, erékùṣù Sal ní Cape Verde fi gbogbo ohun tí mo sọ lókè hàn. Afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn kan náà ló ń fẹ́ níbẹ̀ láti bíi oṣù kọkànlá sí oṣù karùn-ún. Ní Kite Beach, ìlà-oòrùn, ó ń wọlé láti òkun. Ní Ponta Preta, ìwọ̀-oòrùn, ó ń ti ènìyàn lọ sójú òkun lórí àpáta, tọ̀gá nìkan ni.

Ará Peckham

Ẹ ṣeun púpọ̀. Sátidé yìí: gúúsù ìwọ̀-oòrùn, nọ́ọ̀tì 11 láàárọ̀, 17 lẹ́yìn ọ̀sán, kò fò ju 21 lọ. Ọkàn wa ti ń lọ sí Poole.

Olùkọ́ Ìgbòkun

Poole ni. Bí oòrùn bá ràn, ilẹ̀ á gbóná ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ òkun á fi kún èyí tó ti wà nílẹ̀, nítorí náà ẹ gba pé 17 yẹn lè di 20. Ẹni àkọ́kọ́ ni kó kọ́kọ́ wọ omi, láti aago mẹ́sàn-án sí méjìlá, pẹ̀lú olùkọ́ àti ìgbòkun 3.5. Bó bá ti rí i pé òun ń ṣubú ju bí òun ṣe ń dúró lọ, kó jáde.

Ìyá Káìtì

Èkejì kó wọlé nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá ń jáde, pẹ̀lú 12, kó pààrọ̀ rẹ̀ sí 9 bí káìtì bá ti ń fà á débi pé ó ń rìn lórí ìka ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta kó wà lórí ilẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́ rẹ̀ láti bá a mú káìtì, fífò rẹ̀ á dúró dè é. Ẹni tó bá wà lókè afẹ́fẹ́ kó gbé káìtì sókè, ẹni ìsàlẹ̀ kó sọ tirẹ̀ kalẹ̀ bí wọ́n bá ń pàdé.

Bàtà rọ́bà fún gbogbo yín o, ẹja weever ń fi ẹ̀gún olóró pamọ́ sínú iyanrìn. Bó bá gún yín, ẹ ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kì í ṣe omi tútù. Ní oṣù kẹjọ, aṣọ rọ́bà mílímítà 3 tó. Ní oṣù kejì omi ń lọ sí bíi ìwọ̀n 8, ẹ ó nílò 5, ìbọ̀wọ́ àti ìborí.

Aláwọ̀n

Kí ẹ tó kúrò ní Peckham, ẹ má wo àsọtẹ́lẹ̀ Windguru nìkan. Ẹ wo ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe gan-an ní Bramblemet àti Chimet, ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń kà á láti ojú omi ní ìhà Solent àti ẹnu èbúté Chichester, afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn sì máa ń dé Poole ṣáájú wọn. Fóònù nínú àpò tí omi kò lè wọ̀, 999, kí ẹ béèrè Coastguard. Ẹni tó bá wà nílẹ̀ kó mọ aago tí ẹni tó wà lójú omi sọ pé òun á jáde. Ẹ tètè lọ, páàkì Shore Road ń tètè kún lọ́jọ́ oòrùn.